Ẹ Má Pín Àpò Àjogúnbá Wa

Alága ìjókòó òní, Alàgbà Ìdírísù, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì kí n tó mọ lẹ́tà àkọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ìjòyè tí ẹ jókòó níwájú. Ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù wa, ẹ̀yin pásítọ̀ wa, àti ẹ̀yin àgbà ìṣẹ̀ṣe wa. Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin bàbá mi, bí àwọn tó jù mí lọ tilẹ̀ ti ń dín kù nínú gbọ̀ngàn bí èyí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Ìlárò wá. Ẹ̀yin ará Ìmásàyí, ẹ̀yin ará Ìjòun, ẹ̀yin ará Ìlárá tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa, àti ẹ̀yin ará Ìlárá tí ẹ gun ọ̀kadà kọjá ẹnubodè láàárọ̀ yìí: bọnjúù o. Ibi tí Faransé mi parí sí nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín, àti ẹni tó rí àga jókòó àti ẹni tó dúró lójú fèrèsé.

Ẹ mọ̀ mí sí olówe. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe alága ìgbìmọ̀ Àpò Àjogúnbá, kò sí ìpàdé kan tí n kò ti pa òwe kí omi tó dé iwájú àlejò. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ a máa wo ara wọn, wọ́n á ní, "Màmá ti bẹ̀rẹ̀." Lónìí, mo fi òwe sílé. Àwọn èèyàn méjì kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi òwe sọ ọ́, oníkálukú wọn á yíjú sí ẹnì kejì, á ní ẹni yẹn ni mo ń bá wí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbangba ni mo gbé wá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, Nímọ́tà ni orúkọ mi. Òkè-Ìrókò ni wọ́n bí mi sí, Ìdí-Ọsẹ̀ ni wọ́n gbé mi níyàwó lọ, sí ilé Ògúnníyì. Odò kékeré kan ló wà láàárín ìlú méjèèjì, odò tí ewúrẹ́ ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí, Òkè-Ìrókò ló ń fún Ìdí-Ọsẹ̀ níyàwó, Ìdí-Ọsẹ̀ náà ló ń fún Òkè-Ìrókò níyàwó. Ẹ wọ ilé èyíkéyìí n'Ídìí-Ọsẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti bí ìyá ilé. Ẹ wọ ilé èyíkéyìí l'Ókè-Ìrókò, kí ẹ béèrè bákan náà. Síbẹ̀, ẹ kò lè rí ìlú méjì tó ń bá ara wọn jiyàn tó wọn. Kí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí? Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ọjà. Èwo nínú wọn ló jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Ta ló kọ́kọ́ dé? Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, láàárọ̀ àti lálẹ́, níbi ìsìnkú àti níbi ìkómọ.

Mo ti bímọ tán, mo ti ń pọn ọmọ-ọmọ, kí n tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ayétòrò níhìn-ín. Hussainat ni olùkọ́ wa, ọmọdébìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Ó jókòó sọ́hùn-ún, ó fi gèlè aláwọ̀ ewé wé orí. Hussainat, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ọmọ yìí kò bínú sí wa rí. Bí a bá ka lẹ́tà kan ní àkàtúnkà tí a tún gbàgbé, á ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ ká tún un kà." Àkọlé àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà lójú títì, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pé, "Ẹ má tọ̀ síbí." Mo dúró, mo tún un kà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kí onílé.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi Mọ́rẹ́olúwa wà ní yunifásítì, ìmọ̀ ìtàn ló ń kọ́. Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ó ti ń fi ọwọ́ bojú. Má bojú. Mo ti sọ fún ẹ nílé pé mo máa pe orúkọ ẹ.

Inú kíláàsì yẹn ni Àpò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Hussainat ní kí oníkálukú wa mú ohun kan wá láti ilé tí ọmọ wa kò mọ̀ mọ́. Ẹnì kan mú orin eré òṣùpá wá, ẹnì kan mú irúgbìn ẹ̀wà tí ìyá rẹ̀ máa ń gbìn. Ẹlòmíràn kò mú nǹkan kan dání, ó ka orúkọ àwọn abà tí baba rẹ̀ là kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà. A ní ǹjẹ́ ó yẹ kí a jẹ́ kí nǹkan wọ̀nyí kú mọ́ wa lọ́wọ́? A bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun dá sí i. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wá wò wá, wọ́n ní àwọn náà á máa fi kún un, bí iṣẹ́ náà bá ti jẹ́ èyí tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá béèrè ìrànwọ́ pé, "Kí ni ìlú rẹ fúnra rẹ̀ máa mú wá?" Ẹlòmíràn á ní àwọn á fún àwọn òṣìṣẹ́ lóúnjẹ. Ẹlòmíràn á ní àwọn ní yàrá tó ṣófo. Ẹnì kan ní òun ní bàbá àgbà tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. A gbà á.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ará Ìmásàyí. Ẹ gbin àwọn iṣu àti ẹ̀wà àtijọ́ sínú oko ilé ìwé, ẹ fi àwọn ọmọ ṣọ́ ọ, ẹ sì pè wá wá jẹ nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ará Ìjòun tí ẹ kó ọmọ àti àgbà rin ọ̀nà oko àtijọ́ lọ sí ibi ahoro, tí ẹ sì ń sọ orúkọ odò àti igi bí ẹ ti ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ará Ìlárá lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, ẹ̀yin tí ẹ kó àwọn orin eré ọmọdé jọ láìbéèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ orin. Èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ìlú kan dá ṣe? Kò sí ọ̀kan. Ìmásàyí gba irúgbìn láti ọ̀dọ̀ àwọn àna wọn. Ìjòun gba atọ́nà láti abà mìíràn. Ti Ìlárá, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti kọ́ ọgbọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, Ìdí-Ọsẹ̀ wá béèrè ìrànwọ́ láti kọ ìtàn ìlú wọn, kí wọ́n sì gba oríkì ilé kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ. Òkè-Ìrókò gbọ́, àwọn náà sáré wá béèrè fún irú rẹ̀ gan-an. A fún àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọkùnrin Ìdí-Ọsẹ̀ jókòó, wọ́n ṣòfin. Wọ́n ní ìtàn ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtọ̀húnrìnwá, pé ọmọ bíbí ìlú nìkan ló máa sọ̀rọ̀ síwájú ẹ̀rọ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí n'Ídìí-Ọsẹ̀ ti wà nílé ọkọ l'Ókè-Ìrókò. Àwa obìnrin tó kù nílé, ìyàwó ni gbogbo wa. Òfin yẹn pa gbogbo obìnrin ìlú lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa náà kò bá wọn jà. A gbé àpótí síta, a jókòó, a káwọ́ gbera, à ń wò wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń ki ọmọ nínú ilé láàárọ̀? Ta ló ń ki ọkọ nígbà tó bá toko dé? Ta ló ń ki òkú títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Ìyàwó ilé ni. Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ti gbé wa wọlé ni ìyá ọkọ ti ń kọ́ wa: "Báyìí ni wọ́n ṣe ń ki ilé yìí, má sì gbàgbé." Gbogbo ọkùnrin ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ láti kékeré. Wọ́n wá rò pé ẹni tó bá ti ń gbọ́ nǹkan lójoojúmọ́, ó ti mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn.

Ọkọ mi Akọ́wé ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bàbá Tèmilọlá, ọkọ tí mo fẹ́, ti lọ sinmi. Àbúrò wọn ni Akọ́wé. Mo pọ̀n wọ́n dàgbà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni wọ́n, n kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Mo sọ wọ́n ní Akọ́wé nítorí pé ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lọ́wọ́ wọn nígbà èwe. Akọ́wé dìde, wọ́n ká agbádá sí èjìká, wọ́n ní, "Ọmọ a-rí-ibòòji-ọsẹ̀-gbàlejò, ọmọ a-fúnni-lómi-kó-tó-béèrè-orúkọ." Ó dára. Wọ́n tún ní, "Ọmọ a-rí-ibòòji-ọsẹ̀-gbàlejò." À ń retí. Wọ́n mu omi. Wọ́n ní, "Ọmọ a-fúnni-lómi." Toheebat, ìyàwó ilé kejì wa, fi ìgbúnwọ́ tọ́ mi, ó ní, "Ìyá Tèmilọlá, ọkọ yín ti ń yípo bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi." Mo ní kó dákẹ́, wọ́n ti ní a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

L'Ókè-Ìrókò ńkọ́? Jibril, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan náà, ló ṣe tiwọn. Òfin kan náà ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní Jibril kì, ó kì, nígbà tí kò rí ohun kì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu mi. Mo lọ kí Akọ́wé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, ẹsẹ̀ kan wà tí ẹ gbàgbé. Ọmọ a-dé-lálẹ́-yáná-l'Ókè-Ìrókò." Wọ́n ní, "Ìyàwó, n kò gbàgbé ìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Bí a bá kì í síbẹ̀, wọ́n á ní àwa la kẹ́yìn dé, pé ẹni tó wá yá iná ni àbúrò." Mo dìde, mo sọdá odò lọ bá Jibril. Mo ní, "Ọmọ a-gba-èbù-n'Ídìí-Ọsẹ̀-dá-oko ńkọ́? Wọ́n ní kò sí nínú èyí tí o kì." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé èbù iṣu lásán, a kò ní in nígbà tí a dé?"

Ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ fò. Àwọn kan dé inú igbó lálẹ́, wọn kò ní iná, àwọn kejì fún wọn níná. Àwọn kan fẹ́ dá oko, wọn kò ní èbù, àwọn kejì fún wọn ní èbù. Ohun tó dára jù lọ tí àwọn baba wa ṣe fún ara wọn ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú ìtàn, nítorí kí wọ́n lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Bí a bá sì ti gbà á sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé á ṣe kà á, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn náà á ṣe gbà á gbọ́.

Toheebat ló dá àbá. Ó ní kí àwa ìyàwó ìlú méjèèjì pàdé létí odò, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ oko. Àwa ìyàwó Ìdí-Ọsẹ̀ ki Ìdí-Ọsẹ̀. Àwọn ìyàwó Òkè-Ìrókò ki Òkè-Ìrókò. Nígbà tí wọ́n dé ibi èbù, àwọn ìyàwó Òkè-Ìrókò kò dánu dúró. Nígbà tí àwa náà dé ibi iná, a gbé ohùn sókè sí i. Àwọn ọkùnrin wá dúró lókè bèbè lápá méjèèjì, wọ́n ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó bínú lọ. Ìwé tó jáde láti ibẹ̀ wà nílé ìwé ìlú méjèèjì lónìí. Láti ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ti fi lélẹ̀ pé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́ láti inú Àpò bí kò bá sí ọwọ́ ìlú méjì nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Ní ìpàdé wa tó kọjá, Akọ́wé àti Jibril jọ wọlé, wọ́n jókòó tira. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò rí wọn kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan rí. Akọ́wé ní, "Ìyàwó, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Bí ẹ ti ń fẹ̀yìn tì yìí, kí a pín Àpò. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, kí ó fi ṣe àjogúnbá bó ti wù ú." Jibril ní, "Ìjà á tán." Mo ní, "Ó dáa. Ìlú wo ló máa kọ́kọ́ gba tirẹ̀?" Àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àwa ni."

Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n gbé wá síwájú yín lónìí. Alága ti ṣàlàyé pé bí mo bá jókòó, ẹ máa nawọ́. Bí ẹ bá ní kí á pín in, a ó pín in, n kò sì ní agbára láti dí yín lọ́wọ́. Mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ní ìtumọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ àjọṣe máa ń falẹ̀. Ìpàdé máa ń pọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti èmi àti ẹnu mi ní ọjọ́ Sátidé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, má ṣe bínú. Ẹnu mi mú, mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bí ẹ bá pín Àpò yìí, Ìdí-Ọsẹ̀ á tún ìtàn tirẹ̀ kọ, iná á kúrò nínú rẹ̀. Òkè-Ìrókò á tún tirẹ̀ kọ, èbù á kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlárá, wọ́n á bi yín pé apá wo nínú orin yín ló wà ní Nàìjíríà. Èmi ńkọ́? Ilé wo ni kí n ti gba ìpín tèmi? Ọmọ Òkè-Ìrókò ni mí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá mi sí. Ìyàwó Ìdí-Ọsẹ̀ ni mí, ibẹ̀ ni ọkọ mi sinmi sí, ibẹ̀ náà ni ẹ máa gbé mi lọ. Bí ẹ bá wá obìnrin kan nínú ìlú méjèèjì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú un wá kí n rí i. Ẹ kò lè pín Àpò láìpín ìyá yín sí méjì.

Dókítà Oyèrónkẹ́ ló máa gba ipò yìí lẹ́yìn mi. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó mọ̀wé jù mí lọ jìnnà, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì. Inú mi dùn sí i. Ohun tí mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ ni Àpò kan ṣoṣo. N kò fẹ́ fi àfọ́kù lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Ọkọ mi Akọ́wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Jibril, dìde. Mo ń bi yín lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó nawọ́. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ kí a pín in?

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Akọ́wé ní kí a máa jọ ṣe é lọ. Jibril náà ní kí a máa jọ ṣe é lọ.

Kí ni ìwọ ń wí, Jibril? O ní ìwọ lo kọ́kọ́ gbà? Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ní ẹ ti ń mi orí kí Jibril tó la ẹnu? Ó tó, ẹ jókòó. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbà. Ẹ má kọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà.

Ẹ̀yin tó kù, ẹni tó bá ní kí Àpò wà ní ọ̀kan, kó nawọ́ sókè. Ẹ nà án dáadáa, ojú mi kò ríran jìnnà mọ́. Mo rí yín. Mo rí ọwọ́ Ìjòun, mo rí ọwọ́ Ìmásàyí, mo rí ọwọ́ Ìlárá lápá méjèèjì.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé jù mí lọ. Ọmọ yín á mọ orúkọ ibi tí ẹ ti wá, á sì mọ orúkọ ẹni tó gbà yín sílé. Ìyàwó tí ẹ bá gbé wọlé á rí ìyá ọkọ tó máa kọ́ ọ ní oríkì. Oyèrónkẹ́, ìpàdé tìrẹ kò ní pẹ́ bíi tèmi. Iná kò ní kú nílé ẹnikẹ́ni nínú wa, èbù kò ní wọ́n wa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nílé bàbá mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nílé ọkọ mi. Ẹ ṣé o.